Ta Ló Ni Omi Odò?

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan yìí: ta ló ni omi odò? Ṣé ẹni tí ó wà lókè tí ó kọ́kọ́ bu ú ni, tàbí ẹni tí ń gbé ìsàlẹ̀ odò, tàbí ẹja tí kò ní ibòmíràn tí yóò gbé?

Ẹ jẹ́ kí a fi Odò Ògùn ṣe àpẹẹrẹ. Láti òkè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ó ti ń ṣàn bọ̀, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì wọ inú ọ̀sà Èkó. Odò Ọ̀yán wà lára àwọn odò tí ó ń dà sínú rẹ̀. Ní ọdún 1983 ni Ààrẹ Shehu Shagari ṣí dáàmù tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ sórí Ọ̀yán, nítòsí Abẹ́òkúta. Adágún ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ tó hẹ́kítà 4,000. Omi tí a fi pa mọ́ níbẹ̀ ni kì í jẹ́ kí Odò Ògùn fà jù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí a lè rí omi fà sí ẹ̀rọ omi ní Abẹ́òkúta àti ní Èkó. Obìnrin tí ó bá ti ru garawa omi rí mọ̀ pé oore ńlá ni èyí.

Ṣùgbọ́n ìlù tí ó kọjú sí ẹnì kan, ẹ̀yìn ni ó kọ sí ẹlòmíràn. Àwọn ará abúlé tí a ṣí nípò nítorí adágún náà wá tẹ̀dó sí etí omi tí kò ṣàn mọ́. Irú omi bẹ́ẹ̀ ni ìgbín kéékèèké tí ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ẹlẹ́jẹ̀ fẹ́ràn. Nígbà tí àwọn oníwádìí yẹ àwọn ọmọ ibẹ̀ wò, wọ́n rí i pé púpọ̀ nínú wọn ní àrùn náà. Ní ìsàlẹ̀ odò ẹ̀wẹ̀, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, omi tí a tú sílẹ̀ láti Ọ̀yán bá òjò ńlá pàdé, ó sì bo ilé àwọn ènìyàn ní Ajégúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú àti ní àwọn àdúgbò mìíràn ní ìpínlẹ̀ Èkó àti Ògùn.

Ẹni tí ń ṣọ́ dáàmù wà láàrin ohun méjì. Bí ó bá pa omi mọ́ títí adágún fi kún dẹ́nu, ọkàn wa yóò balẹ̀ nípa ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n bí òjò oṣù Kẹsàn-án bá ya dé, kò sí àyè mọ́, ó di dandan kí ó ṣí ilẹ̀kùn dáàmù lójijì. Bí ó bá sì tú omi jù, ẹ̀rọ omi lè gbẹ ní oṣù Kejì. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni kí a máa tú u díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, kí a sì kéde fún àwọn ará ìsàlẹ̀ kí omi tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, "Ènìyàn kò tíì rí omi mu tó, ẹ ń sọ ti ẹja!" Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ohun à ń fi ẹ̀rín dáhùn. Ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ ni a ó kọ́kọ́ fún. Síbẹ̀, ẹ ka Jẹ́nẹ́sísì orí kìíní: ní ọjọ́ karùn-ún ni Ọlọ́run ti súre fún ẹja àti ẹyẹ kí wọ́n máa bí sí i, ọjọ́ kẹfà ni ó tó dá ènìyàn. Ìre ti ẹja ṣáájú tiwa. Ẹja kò sì ní kí a fi gbogbo omi sílẹ̀ fún òun. Àsìkò ni ó ń bèèrè. Nígbà tí odò bá kún tí ó tàn sí àbàtà ni àrọ̀ àti ọ̀pọ̀ ẹja mìíràn ń yé ẹyin. Bí odò kò bá kún ní àsìkò rẹ̀, apẹja yóò fa àwọ̀n òfìfo, ìyá ẹlẹ́ja yóò sì jókòó ti agbọ̀n òfìfo lọ́jà. Bí odò bá sì fà jù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi oníyọ̀ láti ọ̀sà a máa gòkè wọ inú rẹ̀. Ẹ rí i pé ẹ̀tọ́ ẹja àti ẹ̀tọ́ ènìyàn kò jìnnà síra wọn. Ní ọdún 2007, àwọn onímọ̀ nípa odò láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pàdé ní Brisbane ní Austrálíà. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé odò gbọ́dọ̀ ní ìwọ̀n omi tí ó tó o, ní àsìkò tí ó yẹ, kí omi náà sì mọ́, kí ẹ̀dá inú rẹ̀ àti àwọn tí ń ti ibẹ̀ jẹun lè yè.

Bàbá wa John Wesley, nínú ìwàásù rẹ̀ ti ọdún 1768 lórí ìríjú rere, kọ́ni pé ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa kì í ṣe tiwa. Ó di dandan kí a lò ó bí Olówó rẹ̀ ti fẹ́, a ó sì jíhìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi rí. Nínú Èsékíẹ́lì orí kẹrìnlélọ́gbọ̀n, Ọlọ́run bá àwọn àgùntàn tí ó sanra wí, nítorí pé lẹ́yìn tí wọ́n mu omi tí ó tòrò tán, wọ́n fi ẹsẹ̀ da ìyókù rú. Kò bá wọn wí nítorí pé wọ́n mu omi. Wọn kò ro ti àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn ni.

Ẹ má jẹ́ kí a rò pé ọ̀rọ̀ yìí kan ìjọba nìkan. Ẹni tí ó ta ilẹ̀ ojú ọ̀nà odò, àti ẹni tí ó mọ̀ ọ́n mọ̀ rà á nítorí pé owó rẹ̀ kéré, ẹ̀bi wà lọ́rùn wọn. Odò kì í gbàgbé ọ̀nà rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa máa béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, kí òjò tó dé, ìgbà tí a ó ṣí dáàmù àti ibi tí àwọn ará ìsàlẹ̀ lè sá sí. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn ọmọ wa pé odò kì í ṣe ààtàn.

Ọlọ́run ló ni omi odò. Ìríjú ni ẹni tí ó wà lókè, ìríjú ni ẹni tí ó wà nísàlẹ̀. Irú omi tí ó bá kù dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì wa ni ẹ̀rí bí a ti ṣe iṣẹ́ ìríjú náà. Kí Olúwa fún wa ní ọkàn tí ń rántí aládùúgbò. Àmín.