Ẹ̀KỌ́ KẸJỌ: ILÉ TÍ Ó TỌ́ TÍMÓTÍÙ DÀGBÀ

Ibi Kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 16:1-3; II Tímótíù 1:3-5; 3:14-15; I Sámúẹ́lì 2:12-26

Àkọ́sórí: II Tímótíù 1:5

Ète Ẹ̀kọ́ Yìí: Kí a lè mọ ẹrù tí ipò ilé máa ń gbé ka ọmọ lórí, kí olúkúlùkù wa sì mọ ọmọ tí Ọlọ́run fẹ́ kí òun bá gbé e.

ÌFÁÀRÀ

Bí ọmọ bá yanjú, a máa ń wí pé ọmọ bàbá rẹ̀ ni. Bí ó bá yàyàkuyà, a ní ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Bí ìyá náà bá sì jẹ́ opó, tàbí tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti pínyà, kíá ni a ti dájọ́: "Kò sí ọkùnrin nínú ilé wọn, kí ni ẹ retí?" Ọ̀rọ̀ yìí máa ń jáde lẹ́nu àwa ará ìjọ pẹ̀lú, nígbà mìíràn ní ẹnu ọ̀nà ilé ìsìn, tí ọmọ náà yóò sì máa gbọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí Bíbélì fi hàn wá.

I. ILÉ TÍ KÒ ṢỌ̀KAN, ỌMỌ TÍ Ó YANJÚ

Júù onígbàgbọ́ ni ìyá Tímótíù, Gíríìkì ni bàbá rẹ̀. Ó ti di ọ̀dọ́mọkùnrin kí Pọ́ọ̀lù tó kọ ọ́ ní ilà. Ó jọ pé àwọn òbí rẹ̀ kò fi ohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ ìsìn. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù rántí ìgbàgbọ́ tí ó wà nínú ilé náà, Lóísì ìyá àgbà àti Éúníkè ìyá ni ó dárúkọ. Kò dárúkọ bàbá. Síbẹ̀, láti kékeré ni Tímótíù ti mọ Ìwé Mímọ́, àwọn ará ní Lísírà àti Íkóníónì sì ń jẹ́rìí rere nípa rẹ̀.

II. ILÉ KAN, ỌMỌ MẸ́TA

Hófínì àti Fíníhásì ní bàbá nílé, àlùfáà Ọlọ́run sì ni bàbá náà. Sámúẹ́lì kékeré dé sọ́dọ̀ Élì láìsí ìyá tàbí bàbá nítòsí. Ta ni à bá retí kí ó yanjú nínú wọn? Élì gbọ́ ìwà búburú àwọn ọmọ rẹ̀, ó bá wọn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò dá wọn lẹ́kun. Hánà ní tirẹ̀ ń dá ẹ̀wù kékeré fún Sámúẹ́lì lọ́dọọdún, ó sì ń gbé e lọ sí Ṣílò. Ẹni tí yóò dá ẹ̀wù fún ọmọ tí ó ń dàgbà gbọ́dọ̀ máa rò ó lọ́kàn bí ó ti ga tó.

Ẹ̀yin òbí tí iṣẹ́ gbé lọ sí ìlú mìíràn tàbí òkè òkun, tí ọmọ yín wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà, owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé ẹ ń rò ó bí Hánà ti ń ro Sámúẹ́lì.

Jákọ́bù pẹ̀lú dá ẹ̀wù fún ọmọ. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ọmọ tí ìyá mẹ́rin bí fún un, Jósẹ́fù nìkan ni ó dá a fún. Ìkórìíra ni ó ti ibẹ̀ wá (Jẹ́nẹ́sísì 37:3-4). Kí àwọn bàbá ilé olórogún ṣọ́ra.

III. ẸRÙ NÁÀ WÚWO

Ẹ má jẹ́ kí a wí nítorí èyí pé ipò ilé kò já mọ́ nǹkan. Bí bàbá bá kú, tí àwọn ẹbí sì pín ohun ìní rẹ̀ mọ́ opó lójú, ọmọ tí ó yẹ kí ó kàwé ni yóò gbé igbá kiri. Yóò dé kíláàsì pẹ̀lú àárẹ̀. Ọmọ tí òbí rẹ̀ ń jà kì í sùn dáadáa. Ọmọ tí a mú wá láti ilé ẹbí, tí ó ń jẹun kẹ́yìn, yóò gbà pé òun kì í ṣe ọmọ bí àwọn yòókù.

Ní erékùṣù Kauai, ní Hawaii, Emmy Werner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọpinpin ìgbésí ayé ọmọ 698 tí a bí ní 1955, títí wọ́n fi di àgbà. Nínú àwọn tí ìyà ilé pọ̀ jù fún ní kékeré, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ni ó bọ́ sínú wàhálà bí wọ́n ti ń dàgbà. Ìdá kan yanjú. Ohun tí a rí nínú ìtàn àwọn tí ó yanjú ni pé ẹnì kan, ó kéré tán, dúró tì wọ́n: ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n, olùkọ́, tàbí ará ìjọ.

IV. IGBA OJÚ

Àwọn àgbà wí pé ojú mẹ́rin ní í bí ọmọ, igba ojú ní í tọ́ ọ. Nígbà tí a gbé ọmọ wá síwájú ìjọ fún ìyàsímímọ́, gbogbo wa ni a ṣe "Àmín." Bí ojú mẹ́rin bá wá ku méjì, ta ni ó kù kí ó wò ó bí kò ṣe àwa? Kì í ṣe àánú ọjọ́ kan ni ọmọ náà ń fẹ́. Ó ń fẹ́ ẹni tí yóò mọ orúkọ rẹ̀, tí yóò béèrè èsì ìdánwò rẹ̀, tí yóò bá a wí pẹ̀lú ìfẹ́, tí yóò sì tún wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Ọ̀rọ̀ wo ni a máa ń sọ nípa ọmọ opó tàbí ọmọ àwọn tí ó pínyà, tí ó yẹ kí a jáwọ́ nínú rẹ̀?
2. Ǹjẹ́ ọmọ tí ń gbé lọ́dọ̀ rẹ ń jẹ ohun tí ọmọ rẹ ń jẹ, ó sì ń lọ sí ilé-ìwé bí tirẹ̀?
3. Ọmọ wo nínú ìjọ yìí ni ìwọ yóò dúró tì láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ?

ÀDÚRÀ: Baba aláìní baba, dárí ìdájọ́ ẹnu wa jì wá. Fi ọmọ tí ó yẹ kí a dúró tì hàn wá, kí o sì fún wa ní sùúrù láti dúró. Ní orúkọ Jésù. Àmín.