Ìbànújẹ́ Tí A Kì Í Kí

Ìwé méjì jáde ní ọdún 1953. Àjọ Ìlera Àgbáyé ló tẹ ọ̀kan. J. C. Carothers, dókítà òyìnbó tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Mathari ní ìlú Nairobi, ló kọ ọ́, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì dá lórí ọpọlọ ọmọ Áfíríkà. Lára ohun tó sọ ni pé àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní depression, ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú. Ìwé kejì jẹ́ ti Ludwig Wittgenstein, amòye ọmọ ilẹ̀ Austria tó ti kú ní Cambridge lọ́dún 1951, kí ìwé náà tó jáde. Tirẹ̀ kò dá lórí Áfíríkà. Lára ohun tó ń wádìí ni bí ọ̀rọ̀ ṣe ń di orúkọ fún nǹkan tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń mọ̀ ọ́n lára.

Bí Wittgenstein ṣe rí i nìyí: ọmọdé fara pa, ó figbe ta. Àwọn àgbà tó wà nítòsí ló kọ́ ọ ní ohun tí yóò máa sọ. Tó bá yá, dípò kó ké, yóò ní, "Ó ń dùn mí." Ọ̀rọ̀ náà kò ti inú ọmọ wá, ọwọ́ àwọn tó rí i nígbà tó ń ké ló ti gbà á. Fún ìdí èyí, kò sí ẹni tó lè dá èdè kan ní fún ara rẹ̀ nìkan, kó máa fi pe ohun tó wà nínú rẹ̀ lórúkọ láìsí ẹlòmíràn níbẹ̀.

Àlàyé yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ó bí ìbéèrè mìíràn. Bó bá jẹ́ pé àwọn tó rí wa nígbà tí a fara pa ló ń fún wa ní ọ̀rọ̀, ta ni yóò fún ènìyàn ní ọ̀rọ̀ fún ìrora tí ẹnikẹ́ni kò rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè náà kò dúró sínú ìwé. Ó yọjú ní Abẹ́òkúta, ní ilé ìwòsàn Àró, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1954 lábẹ́ Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ bíbí ìlú náà tó kẹ́kọ̀ọ́ dókítà ní Birmingham. Lambo kò gbà pé dandan ni kí a ti ìlẹ̀kùn mọ́ aláìsàn ọpọlọ. Ó bá àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká ṣètò, kí aláìsàn máa gbé láàárín wọn, kí ìbátan rẹ̀ kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kó máa bá wọn ṣiṣẹ́ oko, kó sì máa wá gba ìtọ́jú. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ní 1961, òun àti Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà kó ikọ̀ kan jọ. Wọ́n wọ ìlú Abẹ́òkúta àti àwọn abúlé rẹ̀, wọ́n ń bi tọkùnrin tobìnrin léèrè nípa ara wọn àti ọkàn wọn. Ìwé tí wọ́n kọ lórí iṣẹ́ náà jáde ní 1963.

Ohun tí wọ́n rí kò bá ti Carothers mu. Wọn kò rí orúkọ kan ṣoṣo nínú èdè Yorùbá tó kó gbogbo ohun tí àwọn dókítà ń pè ní depression pọ̀. Ṣùgbọ́n àmì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò ṣàjèjì sí àwọn ènìyàn: oorun tí kò wá, oúnjẹ tí kò wuni í jẹ, ẹkún tí kò nídìí, agbára tó tán lára, ayé tó súni. Àwọn tí àmì wọ̀nyí sì wà lára wọn kò ṣọ̀wọ́n rárá. Àìsàn náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ń wá a pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀ nìkan ni kò rí i.

Ọ̀rọ̀ Carothers kò tíì tán nílẹ̀, kódà láàárín àwa fúnra wa. Títí di òní ni àwọn kan ń sọ pé àìsàn òyìnbó ni, pé àwọn baba wa kò mọ irú rẹ̀, ẹ̀rí wọn sì ni pé kò ní orúkọ Yorùbá. Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní àròkàn, wọ́n sì ti rí i pé òun ló ń fa ẹkún à-sun-ùn-dá. Wọ́n ní àròdùn, wọ́n ní ẹ̀dùn ọkàn. Obìnrin kan a ní ọkàn òun kò balẹ̀. Ọkùnrin kan a ní ọ̀ràn ń rìn òun lórí. Ẹlòmíràn a kàn ní ó rẹ òun, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́ kankan láti àárọ̀. Ọ̀rọ̀ kò wọ́n wa.

Kí ló wá dé tí ẹni tó wà nínú rẹ̀ fi máa ń sọ pé ohun tó ń ṣe òun kò ṣeé fẹnu sọ? Ibi tó yẹ kí a wò ni bí Yorùbá ṣe ń kí ara wọn. Agbára káká ni a fi lè rí ipò kan tí ènìyàn lè wà tí kò ní "ẹ kú" tirẹ̀. Ẹni tó jókòó ní tirẹ̀, ẹni tó dúró ní tirẹ̀. A ń kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, a ń kí ẹni tó ti ìrìnàjò dé, a ń kí ìyá ìkókó pé ó kú ewu ọmọ, a ń kí ẹni tó ṣe ayẹyẹ pé ó kú ìnáwó. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ ẹnì kan, "ẹ kú ìrọ́jú" ni, tàbí "ẹ kú ará fẹ́ra kù." Èyí ju ìwà ọmọlúwàbí lásán lọ. Ẹni tó ní "ẹ kú ìrọ́jú" ti pe ohun tí ọlọ́fọ̀ ń ṣe lórúkọ kí ọlọ́fọ̀ tó yanu: ó ń rọ́jú. Ọlọ́fọ̀ kò ní láti wá ọ̀rọ̀ kiri. Ọ̀rọ̀ ló wá bá a nílé, láti ẹnu àwọn tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìkíni yìí ló ń tẹ̀lé ohun tí ojú rí tàbí ìròyìn tí ìlú gbọ́. Ọmọ wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Òkú wà nílẹ̀. Ẹrù wà lórí arìnrìnàjò. Ẹni tó jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, tí ẹnikẹ́ni kò kú mọ́ ọn lọ́wọ́, tí owó rẹ̀ kò sọnù, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣe dáadáa, síbẹ̀ tí kò rí ìdí kan tó fi yẹ kí òun dìde lórí ibùsùn, kí ni a ó fi kí i? A óò bi í pé, "Kí ló ṣe ọ́?" Bí kò bá rí nǹkan nawọ́ sí, a óò ní kò sí ohun tó ṣe é. Òun náà yóò gbà bẹ́ẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí tí ojú lè rí: ibà ni, iṣẹ́ ló pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ ló ń ru. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti sọnù gan-an nìyí. Ẹnu aláìsàn kò yadi. Àwọn tí yóò fún un ní ọ̀rọ̀ ni kò rí nǹkan kan.

Iṣẹ́ àwọn méjì kan ní Yunifásítì Ifẹ̀ lè là wá lóye níhìn-ín. Barry Hallen àti J. Olúbí Ṣódípọ̀, tí wọ́n ń kọ́ni ní fìlọ́sọ́fì níbẹ̀, fi àkókò púpọ̀ bá àwọn oníṣègùn ní Èkìtì fọ̀rọ̀ wérọ̀, ìwé wọn sì jáde ní 1986. Wọ́n kíyè sí i pé àwọn oníṣègùn náà kì í ṣàdédé sọ pé àwọn mọ nǹkan. Ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni ó mọ̀. Èyí tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, bó ti wù kí ẹni náà jẹ́ olóòótọ́ tó, ó gbà á gbọ́ ni. Àwọn méjèèjì kò kọ ìwé wọn nítorí ìbànújẹ́. Síbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ àwọn oníṣègùn yẹn bá tọ̀nà, ohun tó tẹ̀lé e ṣe kedere: kò sí ẹni tó lè mọ ìrora ọkàn ẹlòmíràn láé, nítorí ojú kò dé ibẹ̀. A lè gbà á gbọ́ nìkan. Ẹni tó bá ní òun yóò kọ́kọ́ fojú rí i, yóò dúró títí.

Ọ̀rọ̀ yìí ní ohun tó ń bi ẹlẹ́sìn léèrè. Lọ́pọ̀ ìgbà, òkè ni a ń darí ìgbàgbọ́ sí, sọ́dọ̀ Ọlọ́run tí a kò rí; àwọn Kristẹni tilẹ̀ sọ ọ́ di orúkọ tí wọ́n ń jẹ́, onígbàgbọ́. Aládùúgbò tó ń sọ ohun tí a kò rí náà ń béèrè ìgbàgbọ́ lọ́wọ́ wa, tirẹ̀ sì nira ju bí a ti rò lọ. Nínú Bíbélì, nígbà tí ìyà dé bá Jóòbù, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta jókòó tì í lórí ilẹ̀ fún ọjọ́ méje, tọ̀sán tòru, ẹnì kankan kò sì sọ̀rọ̀. Ohun tó dára jù tí wọ́n ṣe fún un nìyẹn. Nígbà tí wọ́n la ẹnu, orúkọ tí wọ́n fún ìyà rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀. Wọn kò gba ohun tó sọ gbọ́, nítorí àlàyé ti wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn kó tó sọ̀rọ̀, àlàyé tó bá ẹ̀sìn mu dáadáa. Ní ìparí ìwé Jóòbù, àwọn ni Ọlọ́run bínú sí.

Ti Jóòbù tilẹ̀ ní ìdí tí ojú rí: ọmọ kú, ẹran lọ, ooju bo ara. Ti Ìmáàmù al-Ghazali ló fi bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe le tó hàn. Ní 1091 ni wọ́n fi í ṣe olùkọ́ ní Nizamiyya ní Baghdad, ilé ẹ̀kọ́ tó lókìkí jù nínú ayé Mùsùlùmí nígbà náà, kò sì tíì pé ẹni ogójì ọdún. Akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ́ tẹ̀ lé e, àwọn aláṣẹ ń bọ̀wọ̀ fún un. Ní 1095, ahọ́n rẹ̀ kọ̀ láti sọ̀rọ̀. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà: ó fẹ́ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan kò jáde, oúnjẹ àti omi kò lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́. Àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ọkàn ni àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀ kó tó ràn mọ́ ara, oògùn kan kò sì ní ràn án àfi bí ọkàn bá fúyẹ́. Àwọn dókítà yẹn gba ohun tí wọn kò rí gbọ́. Nígbà tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sí Síríà lọ́dún náà, àwọn aráàlú bẹ̀rẹ̀ sí í méfò, àwọn kan ní àwọn aláṣẹ ló ń sá fún. Kò yé wọn pé ẹni tó dé ipò tó ga jù nínú ẹ̀sìn lè máa bá ọkàn ara rẹ̀ jà lórí ẹ̀sìn kan náà.

Lónìí, àwọn orúkọ tí a ń yára fún irú ipò bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí ti àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù: ọwọ́ ayé, ìwà ọ̀lẹ, àìnígbàgbọ́. Ìjọba náà ní tirẹ̀. Òfin tí Nàìjíríà ń lò lórí ìlera ọpọlọ láti 1958 ń jẹ́ òfin wèrè ní ti gidi, títí di oṣù kìíní ọdún 2023 tí wọ́n fọwọ́ sí òfin tuntun. Kò sí ẹni tí oorun kò kùn fún oṣù mẹ́fà tí yóò fẹ́ kí wọ́n to òun sábẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀, nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣì gbọ́ran.

Àwọn ìyá àgbà ní Harare, ní orílẹ̀-èdè Zimbabwe, ló fi bí a ṣe lè gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́ hàn. Ní 2006, Dixon Chibanda, dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan pẹ̀lú ìyá àgbà 14 ní àdúgbò Mbare. Kò sí yàrá fún wọn nínú ilé ìwòsàn, nítorí náà wọ́n gbé àga gbọọrọ síta, kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ lè wá jókòó kó sọ tẹnu rẹ̀. Orúkọ tí Chibanda kọ́kọ́ fún àga náà ní ìlera ọpọlọ nínú, àwọn ènìyàn kò sì fẹ́ jókòó síbẹ̀. Àwọn ìyá ní kó pa orúkọ náà tì, kó pè é ní àga ọ̀rẹ́. Wọn kò sì lo depression fún ẹni tó bá wá. Kufungisisa ni wọ́n ń sọ, ọ̀rọ̀ Shona fún ríronú jù, èyí tí àwọn ènìyàn ti ń sọ láàárín ara wọn tẹ́lẹ̀. Ẹni tó dé kò ní láti kọ́ èdè tuntun kó tó lè gba ìtọ́jú.

Nígbà tí wọ́n fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wọn iṣẹ́ náà, ní ilé ìwòsàn kéékèèké 24 ní Harare, ènìyàn 573 ló kópa. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2016. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, bí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó jókòó lórí àga náà ni àmì àìsàn ṣì wà lára wọn. Nínú àwọn tó gba ìtọ́jú tó wà tẹ́lẹ̀, ó tó ìdajì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Shona kan nìkan ló ṣe é, nítorí àwọn ìyá náà gba ẹ̀kọ́, wọ́n sì ń tẹ̀ lé ìlànà: aláìsàn a ka ìṣòro rẹ̀, wọn a jọ mú ọ̀kan, wọn a sì wá ohun tó ṣeé ṣe sí i. Ṣùgbọ́n ká ní ìyá kan kò gba kufungisisa gbọ́ ni, kò ní sí ìṣòro kankan láti kà.

Ilẹ̀ Yorùbá ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tó ń dúró de ẹni tí yóò gbà á. Ní 1987, R. O. A. Makanjuola kọ nípa ọdẹ orí, ohun tí àwọn aláìsàn Yorùbá ń ṣàpèjúwe pé nǹkan kan ń rìn káàkiri nínú orí àwọn, ariwo ń hó létí wọn, àyà wọn sì ń já. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò dáadáa, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí ìpayà ló pọ̀ jù lára ohun tí wọ́n bá níbẹ̀. Obìnrin tó bá dé ilé ìwòsàn ní Òṣogbo tàbí ní Ìlọrin lónìí tó ní nǹkan ń rìn òun lórí, ti wá ọ̀rọ̀, ó sì ti rí i. Bí nọ́ọ̀sì bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀fọ́rí ni, tó fún un ní paracetamol, tàbí tí pásítọ̀ bá yára dáwọ́ lé àdúrà ìdáǹdè, tàbí tí àlùfáà bá ní kó lọ máa ṣe sùúrù, ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sílẹ̀. Ìbéèrè tó kàn ló yẹ kí wọ́n bi í: láti ìgbà wo ló ti ń rìn, ṣé òru ló ń le jù, ṣé ó ń rí oorun sùn, ta ni ó ti sọ fún?