KÍ NI GBÈSÈ TÍ A JẸ ÌYÁ ÀGBÀ?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lórí ewé yìí kò ṣòro, ṣùgbọ́n a máa ń fi ojú fò ó. Bí ìyá àgbà kan bá pẹ́ láyé, tó bímọ, tó rí ọmọ-ọmọ àti àrọ́mọdọ́mọ, tí ọjọ́ wá dé tó sùn nínú Olúwa, kí ni gbèsè tí àwa tó kù jẹ ẹ́?

Ní Pobẹ̀, ní Sakété àti ní gbogbo agbègbè wa, ìdáhùn tó kọ́kọ́ ń jáde ni pé: ẹ jẹ́ ká sin ín dáadáa. Ẹ ra aṣọ ẹbí, ẹ pa màlúù, ẹ ta àtíbàbà, ẹ pe onílù. Àwọn mìíràn á sì dáhùn pé, "Òkú ò mọ iye a ràgọ̀. Ẹni tó lọ ti lọ, kí la fẹ́ fi gbogbo ìyẹn ṣe?" Ọ̀rọ̀ yìí ti dá ìjà sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ẹbí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ wọn dáadáa: owó ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ìyá náà fúnra rẹ̀, kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ta ni ẹni tó lọ yìí? Ìwé ìjọba kò lè sọ fún wa. Ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa àtijọ́ ni kò ní ìwé ìbí. Ìwé tí wọ́n wá ṣe fún wọn nígbẹ̀yìn, "née vers" ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n bí i ní nǹkan bí ọdún báyìí. Àwọn ìyá náà ní ìṣirò tiwọn. Ọ̀kan á ní ọdún tí Sakété dìde sí àwọn Faransé ni wọ́n bí òun, 1905 nìyẹn. Òmíràn á ní ọdún tí rélùwéè dé Pobẹ̀ ni, 1913 nìyẹn. Ẹni tí wọ́n bí ní 1913, tó sì lo ọdún 85 láyé, ẹ wo ohun tí ojú rẹ̀ rí: ìjọba Faransé, ogun àgbáyé méjì, òmìnira ní 1960, Dahomey tó di Benin ní 1975, owó sẹ́fà tó já wálẹ̀ sí ìdajì lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní 1994. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sí alẹ́ tí kò wá ohun tí àwọn ọmọ yóò jẹ.

Kí ló fi wá a? Láti 1922 ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pobẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé sì ti kọ ìwé púpọ̀ nípa igi náà. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin bá gun ọ̀pẹ tó gé ìdì ẹyìn wálẹ̀, iṣẹ́ tó kù, ọwọ́ obìnrin ló wà. Á ṣa ẹyìn, á sè é, á gún un tàbí kó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, á fi omi ya epo kúrò lára ìhá, á tún gbé e kaná títí omi á fi gbẹ. Ní ọ̀pọ̀ ilé, epo ni ti baálé, èkùrọ́ ni ti ìyá. Èkùrọ́ yẹn ló ń jókòó pa lọ́kọ̀ọ̀kan lórí òkúta, tó fi ń ṣe àdín, tó fi ń dá àjọ. Àjọ yẹn ló san owó ilé-ìwé. Olùkọ́, nọ́ọ̀sì, ọ̀gá ọ́fíìsì tó wà nínú ẹbí lónìí, bí a bá tú ìdí ọ̀rọ̀ wọn wò, a ó bá èkùrọ́ níbẹ̀.

Iṣẹ́ kejì kò ṣeé fojú rí. Ní ọjọ́ 10 oṣù Ògọ́sítì 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé, wọ́n fa ìlà sáàárín wa. Pobẹ̀, Sakété àti Kétu bọ́ sí apá kan. Ìmẹ̀kọ, Ìlaròó àti Ìpókíá bọ́ sí apá kejì. Ọmọ ìyá kan náà di ará orílẹ̀-èdè méjì. Nàìjíríà lé àwọn àjèjì ní 1983, ó ti ẹnubodè ní 1984, ó tún tì í ní 2019. Ta ló wá mọ̀ pé ẹni tó wà ní Ìlaròó yẹn, ẹ̀jẹ̀ wa ni? Ta ló mọ̀ pé ọmọ yìí àti ọmọ yẹn kò gbọdọ̀ fẹ́ ara wọn? Ìyá àgbà ni. Orí rẹ̀ ni ìwé ẹbí wà. Bí ó bá kú láìjẹ́ pé a bi í léèrè, ìwé náà jóná nìyẹn, kò sì sí òmíràn.

Àní orúkọ rẹ̀ pàápàá ń sọnù. Ìyá Bísí, Ìyá Ayọ̀ la ń pè é títí tó fi darúgbó, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ a di àwátì. Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan tí àwa aláṣọ funfun mọ̀. Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti bí Wòlíì Samuel Bilewu Joseph Oshoffa ní 1909, níbẹ̀ náà ni Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá ti bẹ̀rẹ̀ ní 1947. Èkó ló kú sí ní 1985. Bí a bá fi ojú ayé wò ó, ọ̀kan nínú ìlú méjèèjì yìí ni ìbá sùn sí. Ṣùgbọ́n Ìmẹ̀kọ ni ibojì rẹ̀ wà, nítorí ìlú ìyá rẹ̀ ni. Lọ́dọọdún, ní àsìkò Kérésìmesì, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ń lọ síbẹ̀, wọ́n ń sọdá ìlà 1889 yẹn. Mélòó nínú wa ló lè dárúkọ ìyá tí ìlú rẹ̀ di ibi ìrìn-àjò mímọ́ yìí? Àlàkẹ́ Iyafo ni. Nínú orúkọ Bilewu gan-an, a ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ òbí tí ọmọ ti ń kú mọ́ lọ́wọ́: bí ilé bá wù ọ́, jókòó.

Ẹnì kan lè wí pé, "Ṣebí Olúwa ní kí ọwọ́ òsì má mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe? Ẹni tó ṣe rere kò nílò kí a máa dárúkọ òun." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fúnni ni Olúwa ń bá wí níbẹ̀, kò bá ẹni tó gbà wí. Olóore lè fi ara pamọ́. Ẹni tí a ṣe lóore kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ẹ wo Dọ́kásì ní Jópà, nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kẹsàn-án. Òun kọ́ ló kó aṣọ tó rán jáde. Àwọn opó tó wọ aṣọ náà ni wọ́n fi han Pétérù, tí wọ́n ń sunkún. Ìrántí tòótọ́ nìyẹn: kí ẹni tí a wọ̀ láṣọ fi aṣọ náà hàn.

A kò sì ní kí ẹ parọ́ mọ́ òkú o. Àwọn ìyá wa kì í ṣe áńgẹ́lì. Òmíràn láhọ́n mímú, òmíràn fẹ́ràn ọmọ kan ju èkejì lọ, òmíràn kò gba ìyàwó ọmọ rẹ̀ láyè. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹni tí a bá sọ di ẹni pípé, a ò mọ̀ ọ́n mọ́, kò sì sí ohun tí a lè kọ́ lára rẹ̀.

Nítorí náà, gbèsè wa pín sí méjì. Àkọ́kọ́, a gbọ́dọ̀ san án nígbà tó ṣì wà láyé. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Kí a tó dá owó aṣọ ẹbí, ṣé a ra oògùn orúnkún fún un? Ṣé a jókòó tì í, kí a béèrè orúkọ rẹ̀, ìlú bàbá rẹ̀, àwọn ìbátan tó wà lódì kejì, kí a sì kọ ọ́ sínú kàyé? Ìkejì, ohun tó ṣe fún wa, a kò lè san án padà fún un. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn la ó san án fún. Ọmọ tí kò ní ìyá, tó máa ń gbà sílé, ta ni yóò gbà á báyìí? Ìjà tó máa ń parí kí ilẹ̀ tó ṣú, ta ni yóò parí rẹ̀? Ẹbí tó pa màlúù mẹ́ta, tí wọn kò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́yìn ogójì ọjọ́, wọ́n ti gbàgbé ìyá wọn nìyẹn.

Kí Olúwa tu gbogbo ilé tí ìyá ti lọ nínú. Kí ó dá àwọn ìyá wa tó kù sí, kí ó sì fún wa ní etí láti gbọ́ tẹnu wọn nígbà tí wọ́n ṣì lè sọ ọ́. Àmín.