Odi Tí A Ti Mọ, Ẹ Jẹ́ Kí A Máa Ṣọ́ Ọ

Bíbélì kíkà: Nehemáyà 6:15, 13:4-9

  

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lẹ́ẹ̀kan yìí jẹ mọ́ ara wa. A kì í sábà sọ ọ́ lórí pẹpẹ, ṣùgbọ́n ó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa. A fẹ́ sọ nípa obìnrin tí dókítà ní kí ó dín ìwúwo ara rẹ̀ kù, tí ó gbìyànjú, tí Ọlọ́run sì ràn án lọ́wọ́ tí ó ṣe é, ṣùgbọ́n tí kò mọ bí yóò ti ṣe é tí ohun tí ó lọ kò fi ní padà wá. Iṣẹ́ kan ni dídín in kù. Iṣẹ́ mìíràn ni pípa á mọ́ síbi tí ó dé.

Nígbà tí Nehemáyà dé Jerúsálẹ́mù, odi ìlú ti wó, iná sì ti jó àwọn ẹnubodè rẹ̀. Ọjọ́ 52 péré ni wọ́n fi mọ odi náà parí. Bí ìwé náà bá parí síbẹ̀, gbogbo wa ì bá pàtẹ́wọ́, kí a sì máa lọ ilé. Ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Ọdún 12 ni Nehemáyà fi ṣe gómìnà, lẹ́yìn náà ni ó padà lọ sọ́dọ̀ ọba. Kí ó tó tún dé, Tòbáyà ti gba yàrá ńlá nínú ilé Ọlọ́run, àní Tòbáyà tí ó ti fi odi náà ṣe ẹlẹ́yà. Ta ni ó fún un ní yàrá? Élíáṣíbù àlùfáà ni. Ọ̀tá kò fọ́ odi wọlé. Ará ilé ni ó ṣílẹ̀kùn, tí ó tún palẹ̀ yàrá mọ́ dè é. Àwọn àgbà wa sọ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Àwa ará etí òkun kò nílò ẹni tí yóò ṣe àlàyé èyí fún wa. Ọdún 1947 ni àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ Ayétòrò dó, ìlú tí òkìkí rẹ̀ kàn dé ìlú òkèèrè. Lónìí, òkun ti gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé níbẹ̀ lọ, àwọn ènìyàn sì ń ṣí ibùgbé wọn sẹ́yìn. Òkun kì í sinmi. Ilẹ̀ tí a bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, yóò padà wá béèrè rẹ̀ lọ́la. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ara ẹ̀dá rí.

Ọ̀kan wà nínú wa tí a kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ti fún wa láyè kí a sọ ìtàn rẹ̀. Ẹja ni ó ń yan, tí ó ń gbé lọ sí ọjà Ìgbókòdá. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a jà, orúnkún sì ń dùn ún débi pé kò lè ti inú ọkọ̀ gun àkàsọ̀ ilé rẹ̀ àfi bí wọ́n bá fà á sókè. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n ní ilé ìwòsàn, kílò 104 ni. Nọ́ọ̀sì bá a sọ̀rọ̀, ó sì gbọ́. Ó dín òkèlè kù, ó jáwọ́ nínú mínírà, ó padà sí àjẹ̀ wíwà dípò kí ó máa jókòó sínú ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì. Kí ọdún tó yí po, ó ti dé kílò 88, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti wálẹ̀. Ní ọjọ́ Ìkórè, ó wọ aṣọ ẹgbẹ́ tí wọ́n ti gbà mọ́ ọn lára, ó jó dé iwájú pẹpẹ, gbogbo wa sì pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ìyá rẹ̀ kú. Ìnáwó òkú dé, àlejò dé, ìrẹsì inú kúlà dé, àìsùn àti ìbànújẹ́ sì dé. Àwọn ènìyàn ń sọ fún un pé, "O ti rù jù, kí wọ́n má baà sọ pé àìsàn kan ń ṣe ọ́." Àwa náà wà lára àwọn tí ó sọ bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí jẹun kí a lè dákẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tí ó fi di ọdún kan ààbọ̀, ó ti padà dé kílò 101. Ní ìpàdé ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wa fi ṣe àwàdà pé, "Màmá, ohun tí ẹ dágbére fún ti padà dé o!" A rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, kò wá. Oṣù mẹ́rin ni a kò fi rí i. Nígbà tí a wá lọ bẹ̀ ẹ́ wò, a rí i pé kò lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ mọ́, nítorí pé ojú ń tì í láti padà lọ gun òṣùwọ̀n níwájú nọ́ọ̀sì kan náà.

Ẹ̀yin arábìnrin, ẹ̀rín wa fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ènìyàn. A pàtẹ́wọ́ fún ẹni tí ó mọ odi, ṣùgbọ́n a kò bá a ṣọ́ ọ. Nígbà tí ọ̀tá ń padà bọ̀, àwa gan-an ni a palẹ̀ yàrá mọ́ dè é. Àwa ni Élíáṣíbù. A ti bẹ̀ ẹ́, a sì ti bẹ Ọlọ́run.

Kí ni ó fà á tí ìwúwo fi ń padà? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìwọra nìkan ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2011, àwọn oníṣègùn kan ní ilẹ̀ Australia gbé ìwádìí wọn jáde lórí àwọn ènìyàn 50 tí wọ́n dín ìwúwo kù. Wọ́n rí i pé lẹ́yìn ọdún kan gbáko, àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ń mú ebi pa ènìyàn kò tíì padà sí bí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀. Ní 2016, ìwádìí mìíràn jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn 14 tí wọ́n ti díje nínú ètò tẹlifíṣọ̀n The Biggest Loser. Nígbà tí ọdún mẹ́fà fi kọjá lẹ́yìn ìdíje náà, 13 nínú wọn ti tún sanra ju bí wọ́n ti wà ní òpin rẹ̀ lọ, oúnjẹ tí ara wọn sì ń lò lóòjọ́ kéré sí ti ẹlòmíràn tí ó tóbi tó wọn. Èyí ni pé ara a máa rántí ìwúwo rẹ̀ àtijọ́, a sì máa wá a kiri. Nítorí náà, ẹni tí ìwúwo rẹ̀ padà kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀ ju àwa yòókù lọ. Òkun ni ó ń bá jà.

Síbẹ̀, àwọn kan ń borí. Ní 1994, Rena Wing àti James Hill dá ìwé àkọsílẹ̀ kan sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún àwọn tí wọ́n dín ó kéré tán kílò 13 ààbọ̀ kù, tí wọ́n sì pa á mọ́ fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tí orúkọ wọn wọ inú rẹ̀ lé ní 10,000. Ọ̀nà tí oníkálùkù gbà dín in kù yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣọ́ ọ jọra. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn ń lo ara fún bíi wákàtí kan lóòjọ́, mẹ́ta nínú mẹ́rin ń gun òṣùwọ̀n ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì ń jẹun òwúrọ̀ lójoojúmọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe àjèjì sí àwa ọmọ Mẹ́tọ́díìsì. Oníṣègùn kan wà láyé àtijọ́ tí ń jẹ́ George Cheyne, ọmọ ilẹ̀ Scotland. Nígbà tí ó dé Lọ́ńdọ̀nù, jíjẹ àti mímu pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ sọ ọ́ di ẹni ńlá, ó sì ṣàìsàn. Ó dín oúnjẹ kù, ara rẹ̀ sì fúyẹ́. Nígbà tí ara rẹ̀ yá tán, ó rọra padà sí oúnjẹ àtijọ́, ó sì wá sanra ju ti ìṣáájú lọ, títí ó fi lé ní 200 kílò. Kò fi ìtìjú pa á mọ́ra. Ó tún padà sí wàrà àti ewébẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí kò sì fi í sílẹ̀ títí ó fi kú ní 1743. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ìtàn yìí sínú ìwé ní 1733. Ìwé tí dókítà yìí ti kọ ṣáájú ni John Wesley kà ní 1724, nígbà tí ó wà ní Oxford, tí ó sì kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ nípa rẹ̀. Wesley náà tẹ ìwé ìwòsàn tirẹ̀ jáde ní 1747, ó sì fi ìkìlọ̀ nípa oúnjẹ níwọ̀nba àti lílo ara síwájú rẹ̀. Ó ṣàkọsílẹ̀ pé pọ́n-ùn 122 ni òun wọ̀n ní 1769, èyí tí ó tó kílò 55, àti pé ní 1783, kò lé, kò sì dín. Ẹni 80 ọdún ni nígbà náà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi olùṣọ́ sí ẹnubodè wa.

Èkínní, òṣùwọ̀n. Ẹ gùn ún lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní ọjọ́ kan náà, ní àárọ̀. Ẹ fi ààlà sí i: bí ó bá fi kílò méjì lé ibi tí ẹ pinnu, ẹ má dúró kí ó di mẹ́wàá. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n, kí ó fi aṣọ kan tí kò ní lásítíìkì ṣe ẹlẹ́rìí.

Èkejì, àwo oúnjẹ. Ọlọ́run fi ẹja jíǹkí wa, ẹja a sì máa yó ènìyàn pẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹja pọ̀ ju òkèlè lọ. Kí púpurú tàbí ẹ̀bà má ju ìkúùkù lọ. Kí a sè é tàbí kí a yan án ju kí a dín in lọ. Ewébẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní etí omi, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ti ọjà Ìgbókòdá bọ̀, ẹ jẹ́ kí ó wà nínú apẹ̀rẹ̀ wa ṣáájú mínírà àti bisikíìtì.

Ẹ̀kẹta, lílo ara. Àwọn ìyá wa kò mọ ohun tí ń jẹ́ eré ìdárayá, ṣùgbọ́n wọ́n wa àjẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ apá wa. Ẹ jẹ́ kí a wa àjẹ̀ lọ sí ibi tí kò jìnnà, kí a rìn lórí afárá pákó, kí a rìn ní etí òkun ní ìrọ̀lẹ́. Bí wákàtí kan kò bá ṣeé ṣe lẹ́ẹ̀kan, kí a pín in.

Ẹ̀kẹrin, ọjọ́ ọ̀fọ̀ àti ọjọ́ àríyá. Níbẹ̀ ni odi ti ń lanu. Ẹ jẹ díẹ̀ nílé kí ẹ tó jáde. Bí ẹ bá sì ṣubú, ẹ wo Nehemáyà. Inú rẹ̀ bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò sọ pé odi kò wúlò mọ́. Ó kó ẹrù Tòbáyà dà síta, ó ní kí wọ́n wẹ yàrá náà mọ́, ó sì dá ohun èlò Ọlọ́run padà sí i. Oúnjẹ tí ó kàn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má dúró de ọdún tuntun.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ sá fún ọ̀nà ẹ̀bùrú. Tíì tí ń mú ènìyàn yàgbẹ́ kì í yọ ọ̀rá, omi ara ni ó ń gbà lọ. Àdúrà ni a ń gba ààwẹ̀ fún, a kì í gbà á nítorí òṣùwọ̀n. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ó tó gbààwẹ̀, kí ó má sì ṣe dá oògùn dúró fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó ń rù láìjẹ́ pé ó gbìyànjú rẹ̀, kí ó tètè lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ ẹnu wa. Ẹni tí ó sanra, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ó fúyẹ́, ẹ má fura sí i. Ọlọ́run kì í fi kílò díwọ̀n ìfẹ́ rẹ̀ sí wa. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ìyá wa tí a sọ ìtàn rẹ̀ ti padà sáàárín wa. Àwa méjì ni a jọ ń bá a wa àjẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Kò tún dé kílò 88 mọ́. Kílò 93 ni ó wà, Ìkórè méjì sì ti kọjá lé e lórí níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì sọ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dára bẹ́ẹ̀. Ó ń gun àkàsọ̀ ilé rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwa kò pàtẹ́wọ́ lọ́tẹ̀ yìí, à ń bá a ṣọ́ ọ ni.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà: Olúwa, ìwọ tí o dá ara yìí, tí o sì fi í ṣe ilé rẹ, dárí jì wá níbi tí a ti fi ọ̀rọ̀ ẹnu wa wó odi arábìnrin wa. Fún ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀ ní ìgboyà, fún ẹni tí ó ṣubú ní ẹsẹ̀ láti dìde, fún ẹni tí ó dúró ní ojú tí kì í sùn. Má jẹ́ kí ẹ̀rù tàbí ìtìjú lé ẹnikẹ́ni jìnnà sí ilé ìwòsàn tàbí sí ilé rẹ. Nípasẹ̀ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.

Fún ìjíròrò ní ìpàdé:
1. Ta ni Élíáṣíbù nínú ilé wa àti nínú ẹgbẹ́ wa?
2. Irú oúnjẹ wo ni a lè máa gbé kalẹ̀ níbi ìnáwó ẹgbẹ́, tí kò ní bi odi ẹnikẹ́ni wó?
3. Ta ni a kò rí ní ìpàdé láti ọjọ́ mẹ́ta yìí, ta ni yóò sì lọ bẹ̀ ẹ́ wò?