Ṣé Ìyà Tọ́ Nínú Ẹ̀kọ́ Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Ọmọ Ọ́tísíìmù?

Ọ́tísíìmù ni ìyàtọ̀ inú ọpọlọ tí a bí mọ́ ọmọ, èyí tí ó ń nípa lórí bí ó ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ àti bí ìró àti ìfọwọ́kàn ṣe ń rí lára rẹ̀. Bàbá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ àti olùkọ́ rẹ̀ ni ó ń jíròrò níhìn-ín.

BÀBÁ: Olùkọ́, ṣé ìfẹ́ kọ́ ni kí a fi ọmọ tí kò tíì ṣetán sílẹ̀ nínú ìlédìí?

OLÙKỌ́: Sùúrù dára, Bàbá, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá dàgbà sínú ìlédìí, ọwọ́ onírúurú ènìyàn ni yóò máa kan ìhòòhò rẹ̀, ó sì lè má lè fẹnu sọ ọ́ bí ẹnìkan bá bá a ṣe ìṣekúṣe. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí a kọ́ ọ.

BÀBÁ: Ẹ jẹ́ kí a lo ọ̀nà tí ó yá jù nígbà náà, kódà bí ó bá le.

OLÙKỌ́: Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1971, Nathan Azrin àti Richard Foxx lo irú rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà fún àwọn àgbàlagbà tí ọpọlọ wọn kò jí pépé: wọ́n ń fún wọn ní omi lọ́pọ̀, wọ́n ń mú wọn lọ jókòó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní ìdajì wákàtí sí ìdajì wákàtí, wọ́n sì ń fún ẹni tí ó bá tọ̀ síbẹ̀ ní oúnjẹ àti ìyìn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tọ̀ sára, wọn a bá a wí, wọn a sì mú un fọ aṣọ àti ilẹ̀.

BÀBÁ: Ó sì ṣiṣẹ́! Ta ni yóò sọ pé ìbáwí kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀?

OLÙKỌ́: Àwọn olùwádìí kan ti yọ ìbáwí kúrò lẹ́yìn wọn, àwọn ọmọ sì ṣì mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tí ó mọ̀ tí ó sì kọ̀ ni ìyà tọ́ sí; ọmọ yìí lè má mọ̀ pé àpò ìtọ̀ òun ti kún, ariwo omi lè máa bà á lẹ́rù, ìgbẹ́ líle sì lè máa dùn ún.

BÀBÁ: Kí wá ni ṣíṣe?

OLÙKỌ́: Kí dókítà kọ́kọ́ wo bóyá ó ń rí ìgbẹ́ yà dáadáa. Lẹ́yìn náà, kí a fi àwòrán to ìgbésẹ̀ náà, láti orí bíbọ́ ṣòkòtò títí dé orí fífọ ọwọ́. Kí ìjókòó rẹ̀ máa bọ́ sí àkókò kan náà, kí ó má sì pẹ́. Kí a fún un ní ohun tí ó fẹ́ràn lójú ẹsẹ̀ tí ó bá ṣe é. Bí ó bá ń sunkún, kí a gbé e dìde, nítorí ibi tí a bá ti dì í mú yóò di ibi ẹ̀rù fún un.

BÀBÁ: Ìnira tí ẹ sọ̀ kúrò lórí ọmọ, orí òbí ni ẹ gbé e kà.

OLÙKỌ́: Òtítọ́ ni, ìdí sì nìyẹn tí ilé àti ilé-ìwé fi gbọ́dọ̀ jọ gbé e, kí wọ́n máa lo àwòrán kan náà ní àkókò kan náà. Ṣùgbọ́n àgbà ni ó ní òye àti agbára, nítorí náà àgbà ni ó yẹ kí ó ru èyí tí ó wúwo jù.