Áyódíìnì Tó Di Wàhálà Fún Ọlọ́gẹ̀gẹ̀

Lọ́dún 1820, dókítà kan ní ìlú Geneva, Jean-François Coindet, bẹ̀rẹ̀ sí í fi áyódíìnì wo àwọn tó ní gẹ̀gẹ̀. Gẹ̀gẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn fà, òkìkí oògùn náà sì kàn. Kò pẹ́ tí Coindet fúnra rẹ̀ fi kọ̀wé pé àyà àwọn kan ti ń lù kìkì. Wọ́n ń jẹun dáadáa, síbẹ̀ wọ́n ń rù, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, oorun ò sì kùn wọ́n mọ́.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà wa níbí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Zimbabwe ní kí wọ́n máa fi áyódíìnì sínú iyọ̀. Nígbà tó di 1995, àwọn dókítà kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet pé iye àwọn tí táírọ́ọ̀dù wọn ń ṣiṣẹ́ àṣejù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Táírọ́ọ̀dù ni ẹ̀yà ara kékeré tó wà níwájú ọ̀fun. Áyódíìnì ló fi ń pèsè èròjà tó ń darí bí ara ṣe ń lo oúnjẹ. Bí áyódíìnì bá ti wọ́n ẹni fún ọdún gbọọrọ, táírọ́ọ̀dù lè wú di gẹ̀gẹ̀, kí kókó sì yọ nínú rẹ̀ tí á máa dá ṣe tirẹ̀. Ọjọ́ tí áyódíìnì bá wá dé lọ́pọ̀ yanturu, kókó náà á máa tú èròjà jáde láìdáwọ́ dúró. Àwọn àgbà ló sábà máa ń bá, ọkàn wọn ló sì ń jìyà ẹ̀.

Mi ò ní kí ẹ sá fún iyọ̀ o. Láti 1993 tí Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ ètò iyọ̀ oníáyódíìnì tiwa, àǹfààní rẹ̀ fún aláboyún àti ọmọ inú rẹ̀ kò kéré. Ẹja Ẹ̀pẹ́, tí òun náà ní áyódíìnì díẹ̀ nínú, kì í ṣe ọ̀tá. Oògùn gbogboǹṣe tí wọ́n ń polówó nínú mọ́tò láti Ìkòròdú sí Kétu ló ń bà mí lẹ́rù, nítorí pé ẹni tó ń tà á kì í béèrè irú gẹ̀gẹ̀ tó ń ṣe yín. Bí ewéko òkun tí wọ́n ń pè ní kelp bá wà nínú rẹ̀, áyódíìnì inú hóró kan lè ju máíkírógíráàmù 150 tí àgbàlagbà nílò lóòjọ́ lọ fíìfíì.

Ti biotin tún wà ńbẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ obìnrin ń lò nítorí irun àti èékánná. Lọ́dún 2017, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé ó lè da èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rú. Ara ẹnì kan lè le koko, kí ìwé àyẹ̀wò ní táírọ́ọ̀dù rẹ̀ ń ṣàṣejù. Ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ń lò ó, kí ẹ sì dá a dúró fún ọjọ́ méjì ó kéré tán kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹni tí àyà rẹ̀ ti ń lù kìkì tẹ́lẹ̀, kí ó dín obì àti kọfí kù, torí wọ́n lè dá kún un.

Bí ará ilé yín bá ń jẹun tó sì ń rù, tí ooru ń mú un nígbà tí òtútù ń mú ẹlòmíràn, ẹ má tètè pè é ní iṣẹ́ ayé. Ẹ mú un lọ sí General Hospital Ìkòròdú tàbí ti Ẹ̀pẹ́ fún àyẹ̀wò, kí ẹ sì kó gbogbo oògùn àti àgbo tó ń lò dání fún dókítà.