Ta Ló Ni Ẹ̀rọ Tí A Ti Sanwó Rẹ̀?

Ẹ̀yin ènìyàn wa, bí a bá ra ẹ̀rọ, ṣé a ní ẹ̀tọ́ láti tú u, ká yí i padà bó ṣe wù wá? Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ṣẹ́ rédíò títúnṣe níbi tí a ti ń ṣe àtìpó yìí.

Ẹ wo ẹ̀rọ orin tí wọ́n ń pè ní modular synthesizer. Ègé-ègé ni wọ́n ń tà á. Wáyà ni olórin fi ń so wọ́n pọ̀. Émilie Gillet, tó dá Mutable Instruments sílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, fi àwòrán inú àwọn ègé tirẹ̀ síta fún gbogbo ayé. Ṣé kì í ṣe àdánù nìyẹn? Àwọn mìíràn wò ó, wọ́n ṣe tiwọn tà. Àmọ́ nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá wọlé ní 2022, àwòrán kò bá a lọ: àwọn ènìyàn ṣì ń fi òjé lẹ àwọn ègé náà pọ̀ títí di òní. Lójú tiwa, ẹni tó fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀rọ pa kò tíì tà á tán. Ńṣe ló fi yá wa.

Doepfer ti ilẹ̀ Jámánì pàápàá ń kọ bí a ṣe lè yí àwọn ègé A-100 rẹ̀ padà. Bí a bá bà á jẹ́, ọrùn wa ló wà. A kò rí àbùkù nínú ìyẹn.